Igbá Wàrà Méjì fún Ọjọ́ Yìgì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo mọ̀ pé òwú á ti wà lẹ́nu yín kí aládùúgbò kankan tó ṣílẹ̀kùn ní Albarika. Mo kí Bàbá mi. Mo kí àbúrò mi Ràmátù, ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo kí Àlàájì, ẹ̀gbọ́n Bàbá, torí wọ́n á ka èyí: èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Ìta gbangba ni wọ́n ti bú yín, ìta gbangba ni mo ti máa fèsì.

Níbí ní Lyon nílẹ̀ òyìnbó, ìkùukùu ti bo odò láti àárọ̀. Yàrá mi ò ju ibi tí ẹ ti ń gé aṣọ lọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò ní gbọ́ ohùn kankan àfi ti fíríìjì. Mo máa ń gbé wàrà kaná, màá mu ún lórí ìdúró, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀.

Ọmọ iléèwé ni mí nígbà náà, inú agbo ilé Àlàájì ní Ladjifarani la ṣì ń gbé. Ìyá Fúlàní tó máa ń ta wàgàṣì, wàrà dídì, fún wa gbé wàrà tútù wá lọ́jọ́ kan, ó bù fún gbogbo àwa ọmọdé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ Àlàájì ti ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣálángá. Èmi nìkan ni mo ń béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù. Ni Àlàájì bá dìde láàárín agbo ilé. Wọ́n ní kò sí ikùn tó gba wàrà nínú ìran àwọn, kí ẹ dárúkọ Fúlàní tí ẹ bí mi fún. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wolẹ̀, wọn ò lè fọhùn. Ẹ pọn Ràmátù, ẹ di ẹrù, ẹ fà mí lọ́wọ́ lọ sí Albarika. Kò sí àbùkù nínú kéèyàn jẹ́ ọmọ Fúlàní. Orúkọ tí wọ́n sọ yín ló ń dùn mí.

Ní báyìí tí yìgì Ràmátù ti kù sí dẹ̀dẹ̀, nínú agbo ilé yẹn kan náà, Àlàájì ránṣẹ́ pé ẹ ò gbọdọ̀ jókòó láàárín àwọn ìyá ilé. Ràmátù sunkún fún mi lórí fóònù. Èmi ò sunkún ní tèmi.

Màmá, iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí nìyí. Ìwé kan náà ló wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn, ì báà jẹ́ ti ojú, ì báà jẹ́ ti ìfun. Ibi tí kálukú wọn ń dà kọ nínú ìwé náà ló yàtọ̀. Jíìnì ni orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà: èyí tí sẹ́ẹ̀lì bá dà kọ ló ń ṣiṣẹ́, èyí tí kò bá dà kọ á dákẹ́ jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìwé ọ̀hún, ara á ká a bí ẹ ṣe ń ká òwú mọ́ bóbìnì. Ibi tó bá ká le, ohun tó ń dà á kọ ò ní ráyè wọlé. Àwọn èròjà ara kan tí à ń pè ní purotéènì wà tó ń tú u, àwọn kan wà tó ń tì í.

Gbogbo ọmọ ọwọ́ ló ń lo jíìnì tó ń jẹ́ kí wàrà dà nínú ikùn. Bí wọ́n bá ti já ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ọmú, ara wọn á máa tì í díẹ̀díẹ̀. Jíìnì náà ò sọ nù o, wọn ò dà á kọ mọ́ ni. Àmọ́ àwọn kan ní àmì kékeré kan tí kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn tì títí ọjọ́ ogbó. Àmì náà ò tilẹ̀ sí nínú jíìnì ọ̀hún, ilé aládùúgbò rẹ̀ ló wà. Kéèyàn gba ọ̀kan péré lọ́dọ̀ ìyá tàbí bàbá, ó ti tó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wàrà kì í bá yín lára mu. Ibo ni mo wá ti rí i?

Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, Bàbá mu ife wàrà kan ní pálọ̀ yín. Wọ́n di ikùn mú, wọ́n ń dúró de ìjà tí kò dé. Wọ́n ní àtikékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ wàrà fún àwọn, àwọn ò tọ́ ọ wò rí. Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń mu ún, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ẹ rántí pé mo gba itọ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ náà, tí ẹ sì fọwọ́ sí i. Èsì ti dé. Àmì náà ò sí lára yín. Ó wà lára Bàbá, ó wà lára mi, gbogbo ìyókù sì bára mu: Bàbá ló bí mi. Ìyá kan náà ló bí àwọn àti Àlàájì. Bàbá gba àmì, Àlàájì ò gbà á. Ikùn wàrà tí Àlàájì ń wá kiri ọjà, inú ìyá tó bí wọn ló wà.

Àwọn èèyàn ní kí n gbàgbé, pé àgbà ni Àlàájì. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò gbàgbé, mi ò sì dárí jì wọ́n.

Owó tí mo fi ránṣẹ́, ẹ yọ ti wàrà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yìgì, ẹ wọ agbo ilé náà, kí ẹ jókòó síwájú. Kí Bàbá mu igbá kan lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì la ẹnu wọn sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ gbé igbá kejì síwájú Àlàájì. Bí wọn ò bá lè mu ún, kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Bí agídí bá sì ní kí wọ́n mu ún, ẹ má bá wọn jà. Ìyá ìyàwó ló ń di gbogbo kọ́kọ́rọ́ mú lọ́jọ́ yìgì, títí kan ti ṣálángá. Ẹ ṣáà jókòó lé kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará Albarika. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú yín tó ń wo abẹ́rẹ́ di bàìbàì. Kí Ó fi ayọ̀ sílé Ràmátù. Kí Ó sì fún Àlàájì ní ẹ̀mí gígùn, kí wọ́n lè pẹ́ láyé rántí ọjọ́ náà.

Èmi ni ọmọ yín, ọmọ bàbá mi,
Sàfíyà