Màmá Ordelia Napier àti Ìró Abẹ́ Kíláàsì

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1934 ni a bí màmá wa, Ordelia Slone Napier, ní àfonífojì Pigeon Fork, láàárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky. Hobart Slone ni bàbá wọn, Lettie Gayheart sì ni ìyá wọn. Ezra Slone tó gun ìbaaka kan ṣoṣo wọ àfonífojì náà ni bàbá àgbà wọn. Ìran tí kì í pariwo ni ìran Slone. Bí nǹkan bá ń dùn wọ́n, ojú ọjọ́ ni wọn yóò dá lẹ́bi.

Awakùsà ni Bàbá Hobart. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946, iná ṣẹ́ yọ nínú kòtò èédú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ilé-iṣẹ́ tó ni kòtò náà fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀, kí iná lè kú. Wọ́n ní ọkùnrin méje tó wà nínú rẹ̀ ti kú ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò rí òkú. Nígbà tí àwọn ará ìjọ gbé pósí òfìfo wá, ìyá àgbà wa Lettie dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò lè sin afẹ́fẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí ọkọ mi ná."

Wọn kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Màmá wa jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá.

Ìwé kẹjọ ni Màmá kà kí wọ́n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn àbúrò wọn. Ní ọdún 1952, wọ́n fẹ́ bàbá wa Denzil Napier, awakùsà ni òun náà, ọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Eruku èédú jẹ ẹ̀dọ̀fóró Bàbá títí mímí lásán fi di iṣẹ́ àṣelàágùn, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo tí Màmá ń sè fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a fi ń jẹun.

Ní ọdún 1968 ni ìjọba kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan fún gbogbo ará agbègbè wa, sórí ilẹ̀ títẹ́jú kan ṣoṣo tó wà ní Pigeon Fork. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́. Ẹni tí kò parí ilé-ìwé gíga lè lọ parí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè wá kàwé nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, abiyamọ sì lè fi ọmọ sí yàrá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kó tó wọ kíláàsì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, Màmá lọ síbẹ̀ láti wá iṣẹ́ sísè. Imogene Brashear, akọ̀wé tó ń gba orúkọ, wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Kò síṣẹ́ ní kíṣìnì, mà. Àmọ́ àyè wà ní kíláàsì."

"Kíláàsì kẹ̀? Èmi arúgbó yìí?"

"Ẹ wo bàbá tó wà nítòsí fèrèsé yẹn. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta. Iṣẹ́ wẹ́dà ni wọ́n wá kọ́. Kí lẹ̀yin fẹ́ kọ́?"

"Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Ìyẹn ti kún. Wíwọn ilẹ̀ àti yíya máàpù ló kù."

"Tètè kọ orúkọ mi sí i, kí n tó ronú."

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Màmá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, oòrùn ń ràn gan-an, gbogbo kíláàsì sì tẹ orí ba sórí ìwé. Láti abẹ́ ilẹ̀: kó, kó, kó. Ó dákẹ́. Kó, kó, kó. Bí ó ti ń kàn, àwọn pẹ́ńsùlù orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí yí gbirigbiri lọ sí igun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?"

Vestal Hensley, olùkọ́ wọn, ti wa kùsà rí nígbà èwe rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti ń gbọ́ ọ látọdún tó kọjá, Màmá Napier. Mo rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí àwọn tí ilẹ̀ bá dé mọ́ ṣe máa ń kàn nìyẹn."

Màmá gbé tábìlì wọn lọ sí ẹ̀yìn yàrá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn yàrá ni ìró náà ti ń dún. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó bá wọn débẹ̀. Otútù kan sì ń gba àárín pákó ilẹ̀ jáde, ó ń rùn bí fìtílà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa.

Máàpù tí ilé-iṣẹ́ tó dí kòtò Bàbá Hobart fún ìjọba fi hàn pé ẹ̀yìn òkè ni kòtò náà parí sí. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, Màmá rí ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà láyé ọjọ́un. Ọmọ rẹ̀ ló fi ta kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi ya àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sórí ìwé. Ìlà pẹ́ńsùlù náà jáde lábẹ́ òkè, ó kọjá odò, ó wọ abẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì dúró lábẹ́ kíláàsì wọn gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ẹni náà kọ orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Slone.

Màmá sọ fún wa pé ọwọ́ àwọn tutù títí dé ìgbúnwọ́.

Wọ́n gbé máàpù náà lọ bá Cordell Maggard, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Màmá Napier, ọ̀sẹ̀ méje péré lẹ lò ní kíláàsì. Ẹ fẹ́ kí n tìtorí pẹ́ńsùlù yín ti ilé ńlá pa?"

"Ọ̀gá, ogójì ọmọ wẹ́wẹ́ ló wà nílé yẹn lójoojúmọ́. Ẹ pa máàpù mi tì. Ẹ wá fi etí ara yín gbọ́."

Ọ̀gá àgbà tẹ̀ lé wọn. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó fi etí lé pákó. Nígbà tó dìde, ó lọ lu aago, ó sì kó gbogbo èèyàn jáde. Gbọ̀ngàn ìjọ ni wọ́n ti ń kàwé láti ọjọ́ náà.

Ará ìlú kò jẹ́ kí Màmá gbádùn. "Asèwà ti di wòlíì!" ni wọ́n ń wí ní ṣọ́ọ̀bù. "Màmá, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀, ṣé òjò máa rọ̀?" Màmá á ra ìyẹ̀fun wọn, wọ́n á sì máa lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n kó èèyàn jáde, ọjọ́bọ̀, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ilé náà wọlẹ̀. Kò dún bí ààrá. Ó rọra lọ sílẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Àwọn tó wọ inú kòtò náà bá ọkùnrin méje tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, gbígbẹ, pẹ̀lú fìlà lórí. Ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára òkúta, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Màmá ní ká ka àwọn ìlà náà sí wọn létí. Mọ́kànlá ni. Ọjọ́ kẹta sì ni wọ́n dí ẹnu kòtò.

A sin Bàbá Hobart ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ọdún 1975. Ọjọ́ náà ni ìyá àgbà wa Lettie tó wọ aṣọ dúdú. Ìró náà kò dún mọ́.

Màmá gba ìwé ẹ̀rí ní ọdún 1977, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun tí wọ́n kọ́ sórí àpáta tí Màmá fúnra wọn wọ̀n. Láti ọdún 1979 títí di 2003, wọ́n kọ́ni níbẹ̀. Wọ́n ya máàpù kòtò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí gbogbo ayé ti gbàgbé, abúlé méjì sì ṣí kúrò lórí ihò nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí iṣẹ́ èédú parí tí àwọn ọkùnrin ń wá gba fọ́ọ̀mù pẹ̀lú omijé, Màmá ló máa ń jókòó tì wọ́n. "Kọ orúkọ ẹ kó o tó ronú," ni wọ́n ń wí. Àwọn ọkùnrin náà di nọ́ọ̀sì, wọ́n di oníná mànàmáná, àwọn kan di olùkọ́. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Màmá títí dópin, wọn kò sì pa ìsìn jẹ àyàfi ọjọ́ ìdánwò.

Wọ́n sùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2016, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn ni Rodney Napier, Wanetta Hoskins tó pa ojú wọn dé, àti Kermit Napier. Ọmọ ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọ ọmọ ọmọ márùn-ún.

Ó ku ohun kan tí a ò mọ ibi tí à bá kọ ọ́ sí. Màmá ti forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ èdè Sípéènì ní sáà tuntun, wọn kò sọ fún wa. Ní ọjọ́ ajé, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n sùn, olùkọ́ náà, Marisol Quintero, ń pe orúkọ. Kò tíì gbọ́. Nígbà tó pe Ordelia Napier, àga òfìfo kan ní ìlà iwájú yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógún ló rí i. Olùkọ́ ní òun kò mọ ohun tí òun ì bá tún ṣe. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó sì sàmì sí i pé wọ́n wá.

Ẹ sùn re, Màmá. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn yín síbi tí ara ti ń tu ni.