Àádọ́ta Dín Márùn-ún

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ní kí Ìtùnú, ọmọ-ọmọ mi, tú 45 sí mẹ́wàá-mẹ́wàá àti ẹyọ-ẹyọ. 40 + 5 ni wọ́n ń retí. Ó kọ 50 − 5, torí márùndínláàádọ́ta tí mo kọ́ ọ ló wà lórí rẹ̀. Tíṣà ní kó kà á sókè kí kíláàsì lè fi í rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé wọn ní Bódìjà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí táì kò jẹ́ kó lè yí ọrùn. Mo ní mo mọ̀ pé ọmọ kò gbà á, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ronú là ń fi ṣe ẹlẹ́yà?

“Bàbá, ìlànà Lọ́ńdọ̀nù là ń lò níbí, sà.” Ó sìn mí dé géètì.

Ìyá Ìtùnú, àkọ́bí mi, pè láti Olúyọ̀lé. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ ní òǹkà Yorùbá mọ́. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó ní òun ò lọ síléèwé lọ́la.”

Mo ní ó dáa. Nígbà tí ìyá Ìtùnú wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ní kíláàsì tí mo ń kọ́, èmi fúnra mi ni mo gbé páálí ìtìjú kọ́ ọ lọ́rùn, torí pé ó fi Yorùbá tọrọ omi.