Ẹran Imú Tí Mo Dá Padà

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

Mo jàre lónìí! Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Láàárọ̀, Dókítà Lékan gbé ẹran bíńtín tí wọ́n gé nínú imú Alhaja ará Adéwọlé wá sí láàbù wa. Inú fọ́máláìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, ló kó o sí. Mo ní, "Dókítà, fọ́máláìn ti pa ohun tí ẹ ní kí n wá. Ẹ lọ gé òmíràn, kí ẹ kó o sínú omi iyọ̀."

Ó yarí. "Mà, ìyá yìí ní àtọ̀gbẹ, ojú rẹ̀ ti wú. Ṣé kí n tún lọ dá a lóró ni?"

Mo kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde báyìí, mo ń bi ara mi léèrè. Bí n ò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́? Ọ̀fìnkìn ni wọ́n ti ń bá obìnrin náà tọ́jú láti ọ̀sẹ̀ méjì...

Ẹran tuntun dé. Mo kán oògùn sí i kó yọ́, mo tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù. Ó wà níbẹ̀! Okùn fífẹ̀ tó ya ẹ̀ka: fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìbátan èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Mo pariwo "Àlùhàmùdùlílàáì" títí ife tíì mi fi dànù.

Kí a tó kírun Àsárì, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Alhaja, wọ́n ti gbé e jáde ní tíátà. Wọ́n ní fọ́ńgọ́ọ̀sì náà kò tíì ràn dé ẹyinjú rẹ̀.

Dókítà Lékan padà wá. Kò tọrọ àforíjì o. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mà, ẹ bá mi wá ìgò omi iyọ̀ díẹ̀ tí a máa fi sí wọ́ọ̀dù."

Odindi páálí kan ni mo gbé fún un.