Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé Bàbá

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Fóònù já kí n tó dáhùn ìbéèrè yín pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe níbí.

Ẹ mọ bí Bàbá ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn iwájú, tí wọ́n á gbàgbé ti ẹ̀yìnkùlé? Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wa rí tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá jáde nínú ètò kan lórí rẹ̀, àwọn yòókù á ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi ni mo ṣe é tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ti tì, gbogbo wọn ti tì nìyẹn.

Lánàá, ọ̀gá pè mí sí yàrá kékeré, wọ́n fún mi lómi, wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n ní kí n má wá mọ́, kí n máa sinmi nílé. Nígbà tí mo fi padà sídìí kọ̀ǹpútà, gbogbo ètò ti tì mọ́ mi, títí kan èyí tó máa ń ṣagídí. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ní, "Àgbà ọ̀jẹ̀, iṣẹ́ ẹ mà múná o!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ẹ má mikàn. Oòrùn ọ̀sán dára nínú yàrá mi, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí wọ́n bá tún gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn tì í.

Ọmọ yín.