Bí A Ṣe Dánra Wò De Iná ní Abúlé Àjíṣọlá

Abúlé Àjíṣọlá,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kejì, 1989.

Fàúsát ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí o gbà ní Agége kò jò mọ́? Ọlọ́run Ọba tó mú ọ dé Ìkẹjà yóò máa ṣọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ bísíkíìtì yín, kò ní í fi ìka rẹ ṣe bísíkíìtì. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ, ìyá àgbà tó bí mi ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, orí fọ́ mi lánàá ṣùgbọ́n mo mu àgbo ó lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí o wálé Iléyá, o ní ọ̀gá yín máa ń lu aago nígbà tí iná kankan ò jó, gbogbo yín á sá jáde lọ síbi tí ẹ ń pè ní àsẹ́ńbílì, wọn á kà yín, ẹ ó padà sẹ́nu iṣẹ́, àti pé ìwọ gan-an ni wọ́n fi ṣe olórí iná. Mo dúpẹ́ pé ọmọ mi joyè. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé bí àwọn tó lówó tó báyẹn bá ń bẹ̀rù iná, kí la ó ti ṣe tiwa sí, àwa tí a fi koríko bo ilé ìdáná.

Mo lọ bá Lèmọ́mù pé kí àwa náà máa dánra wò, wọ́n ní ó dára, pé Ànábì ní kí èèyàn so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. A ò ní ràkúnmí, mo so ewúrẹ́ rẹ. Ìyá àgbà nìkan ló yarí. Wọ́n ní àwọn ò ní bá wa sáré ohun tí kò lé wa, pé ẹni tó bá ń pe ibi lórúkọ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ni ibi á dáhùn.

Mo gbé ríìmù táyà lọ́rì kọ́ sára igi máńgòrò, ó di aago wa. Nítorí o sọ pé ìgò pupa kan wà lára ògiri yín tó ń pa iná, èmi náà wá ìgò, mo rọ epo pupa kún un, mo so ó mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ fi se ọbẹ̀, mo ní kó má fọwọ́ kàn án, ti iná ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lu ríìmù, gbogbo ilé jáde, inú mi dùn títí mo fi wo ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú. Akínfẹ́nwá aránṣọ tí ilé rẹ̀ kan tiwa gbé máṣíìnì rẹ̀ jáde, Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sì wà nínú yàrá, ó ń bi í láti ojú fèrèsé pé kí ló ń jó. Èmi náà, rédíò ló wà lábíyá mi. Ìyá rẹ bi mí pé òun ńkọ́. Mo ní òun lẹ́sẹ̀, rédíò ò lẹ́sẹ̀. Fàúsát, òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran. Àdùkẹ́ ní tirẹ̀ di ẹrù, ó pọn ọmọ, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Iná tí ò jó ti tú ilé ká.

A bẹ̀ ẹ́ títí ó fi padà, a wá ṣe òfin pé ìyàwó ni ọkùnrin yóò kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí mo tún lu ríìmù, Akínfẹ́nwá gbé Àdùkẹ́ kọ́rùn, àwọn méjèèjì wó sẹ́nu ọ̀nà agboolé, a ò ríbi gbà jáde mọ́. Ìyá rẹ jókòó lórí ẹní ní tirẹ̀, ó ní òun ń dúró dè mí.

Iná gidi wá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí a ti kírun dé. Atẹ́gùn ọyẹ́ ló gbé ẹyín iná láti ìdí ààrò lọ sórí koríko ilé ìdáná. Mo lu ríìmù. Ká ní o wà níbẹ̀, inú rẹ ì bá dùn. A jáde wẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò ti ẹnikẹ́ni, a tò sábẹ́ máńgòrò bí a ṣe ga sí, torí àwa tó lọ síléèwé díẹ̀ mọ àsẹ́ńbílì, a kọ orin orílẹ̀-èdè tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iná ń jó lọ. Nígbà tó dé ibi ìgò pupa, kàkà kó kú, ńṣe ló fò sókè bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ. Jọ̀ọ́, sọ fún ọ̀gá yín kó tètè já tiyín sílẹ̀. Akínfẹ́nwá wá bi mí pé ta ni nínú wa ló ń pa iná ọ̀hún. Mo ronú títí, mi ò rántí pé o sọ ìyẹn fún wa.

Ìgbà náà ni mo rí i pé a ò pé. Ìyá àgbà ò sí láàárín wa. Ọmọ mi, mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi wọ inú èéfín. Mo ń pè wọ́n bí ọmọdé tó sọnù lọ́jà. Mo bá wọn lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ká ìró sórí orúnkún, wọ́n ń bu omi fùfú Àdùkẹ́ látinú ìkòkò, wọ́n ń dà á lu iná. Wọ́n ní kí n yéé sunkún, kí n gbé korobá. Mo ké sí àwọn tó kù, a jọ pa á. Òrùlé lọ, fùfú lọ, ṣùgbọ́n àká iṣu wà, ilé wà, ìyá mi sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn fùfú ò tíì kúrò lára wọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sí ìjà, pé ẹni tó bá ń múra de iná, kó pọn omi kó tó wá aago. A ti pọn omi kún gbogbo ìkòkò báyìí, kò sí èyí tí ìyá rẹ lè fi se ọbẹ̀.

Páànù la fẹ́ fi bo ilé ìdáná náà. Ẹni tó ń tà á sọ pé Sáàpù tí ìjọba gbé dé ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Mo ní kó mú mi lọ bá ọkùnrin náà, bóyá á gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àgbà, ni ẹni tó ń ta páànù bá ń rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé Ìkẹjà níbẹ̀ ni Sáàpù yìí ń gbé, láàárín àwọn olówó GRA, bá wa bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbà, fún Jubril tó ń kó màlúù wá sí Oko Ọba ní ohunkóhun tí agbára rẹ bá ká, yóò mú un délé.

Bí aago yín bá tún dún, má ṣe mú nǹkan kan, ìwọ ni kí o mú jáde. Ilé rẹ kò ní í dàrú, ọ̀nà rẹ kò ní í dí, ohun tí ẹ ń dánra wò dè kò ní í wá dán yín wò. Àmín.

Èmi ni Suara bàbá rẹ, tí irùngbọ̀n rẹ̀ jó díẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti ń hù padà.