Àgádágodo Kejì

Ọmọ ọmọ mi aránṣọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ńkọ́? Kí ara ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta le o. Eékún ṣì ń dùn mí. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò sórí ààrò, bàbá àgbà rẹ sì ti ń sọ láti oṣù mẹ́ta pé ọ̀la lòun máa tún un ṣe. Káfíńtà ni o, kò sí àga kan nílé yìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi tirẹ̀ kún un.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù. Ọkọ rẹ ní kí ẹ da owó yín pọ̀ sí báǹkì kan, kí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. O ní o fẹ́ gbà kí ìjà má bàa dé. Má gbà. Mi ò sọ pé olè ni. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń fọ abọ́ tó bá jẹun tán. Ṣùgbọ́n wàá máa tọrọ owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nínú owó tí o fi abẹ́rẹ́ pa.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, bàbá àgbà rẹ kan àpótí, ó ní kí a máa kó owó ẹní tí mo ń hun àti owó iṣẹ́ òun sínú rẹ̀, ó wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò ara rẹ̀. Ó ra kẹ̀kẹ́, ó ra rédíò, ẹ̀yìn tó bá rà á tán ló ń sọ fún mi. Èmi ní mo fẹ́ ra bàtà, ó ní kí n mú sùúrù. Mo mú un títí ó fi sú mi. Mo lọ ra àgádágodo tèmi, mo ní kó kan irin kejì mọ́ àpótí náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó mi ò ní wọ inú ẹ̀ mọ́. Ó pariwo, ó ní ṣé olè lòun ni. Mo ń hun ẹní mi lọ. Lọ́jọ́ kẹta ó mú òòlù. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ ra ìṣó lásán, á wá jókòó tì mí, á ní ìyàwó mi, kí lo rí sí i?

Nítorí náà ni mo ṣe so àgádágodo kan mọ́ lẹ́tà yìí. Gbé e fún ọ̀gá báǹkì, kó fi ti àpótí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ. Tíṣà ní báǹkì kì í lo àgádágodo, pé fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń kọ, tí owó ò ní jáde àfi tí ẹni méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Mo ní ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn, kó ṣáà kọ àgádágodo. Bí ọ̀gá báǹkì bá ní kò sí irin lára àpótí yín, bàbá àgbà rẹ á wá kàn án. Ìyẹn ò ní di ọ̀la, ó ti ń wá ohun tó máa gbé e wá sílùú.

Ẹ fi owó páànù mẹ́rin ránṣẹ́ fún ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n kí ẹ jọ sọ ọ́ o. Bí ọkọ rẹ bá ní rárá, má yọ́ ọ fi ránṣẹ́, màá máa gbé ìkòkò sábẹ́ ibi tó ń jò. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo ní rárá, mi ò ní bínú. Màá mọ̀ pé àgádágodo mi ti ń ṣiṣẹ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ máa jọ ṣí i pẹ́, ẹ ò sì ní ṣí i bá òfo.

Èmi ni ìyá àgbà rẹ. Ìka mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí.