Orí Ìkẹyìn Tí N Kì Í Kà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ó ṣẹlẹ̀! Ó ṣẹlẹ̀! Ẹ̀rín ò jẹ́ n kọ̀wé. Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ.

Àárọ̀. Èmi nínú Ààfin — àpótí onígíláàsì tí mo ń jókòó sí lẹ́nu ibi ìgbọ́kọ̀sí. Tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀tún, bọ́tìnnì tó ń gbé ọ̀pá ẹnu ọ̀nà sókè lọ́wọ́ òsì, ìwé lórí itan. Ìwé ìfẹ́ ni. Mo wà níbi tí ìyàwó ti ń di ẹrù ẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ọkàn mi ti fò lọ. N ò mọ̀ pé ọkọ̀ mẹ́sàn-án ti tò síwájú mi. Wọ́n ń fọn fèrè, mo rò pé inú ìwé ni.

Ọkọ̀ tó ṣíwájú ni ti Olóhùn-Oyin. (Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ṣe ètò àárọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò tó wà lókè wa, àjà kẹta.) Ó yọrí jáde. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó ní, kí ló wà nínú ìwé yẹn tó ju iṣẹ́ lọ? Ni mo bá dáhùn! Orí mi ò pé. Mo ní ìyàwó inú ẹ̀ gbọ́n, òǹkọ̀wé ni ò gbọ́n, pé odindi ojú ewé mẹ́fà ló fi ń sọ nípa irun ọkùnrin kan ṣoṣo, pé síbẹ̀ mo ti sunkún lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ìjà ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo. Olóhùn-Oyin forí lé sítíárì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n gòkè wá ní Ọjọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí afẹ́fẹ́: ìwé kan tàbí fíìmù kan, bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa fi dán mi wò. Bó bá dáa, àga yẹn di tèmi, gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Èmi! Èmi tí gbogbo ayé ò mọ̀ ju ọwọ́ tó ń na tíkẹ́ẹ̀tì lọ!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo fún awakọ̀ kan ní páálí tí mo fi ń sààmì sójú ìwé, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sínú ìwé. Kò bínú. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí mi lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 5

Ilé ìkàwé lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ wà nídìí tábìlì ẹ̀ — obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ibẹ̀, tó ti ń fìka lé ètè fún mi láti kékeré. N ò mọ èyí tí n máa mú. Ìwé àwọn tó lọ gbé nínú òṣùpá? Ẹ̀rọ pọ̀, èèyàn ò sí. Ajá nìkan ló lọ́kàn nínú wọn. Rárá. Fíìmù ẹlẹ́rù tó wà ní sinimá ni mo máa mú.

Ìwé mi, ìwọ nìkan ni mo lè sọ èyí fún. N kì í ka orí ìkẹyìn. Ìwé kankan. Fíìmù náà, bó bá ti ku díẹ̀, mo dìde, mo gbé báàgì, mo jáde, mo ń parí ẹ̀ fúnra mi lójú ọ̀nà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti bí mi, n ò tíì fojú kan òpin ìtàn rí.

Bàbá mi ló kọ́ wa. Ó máa ń kàwé fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá ti kan orí ìkẹyìn — pàù! — á pa ìwé dé. "Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ parí ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi á sọ tiẹ̀: gbogbo wọn kú. Èmi á sọ tèmi: kò sẹ́ni tó kú. Bàbá á fọwọ́ lérán, á gbọ́ wa tán, á wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ṣé ó burú? Òpin tèmi ò já mi kulẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo ti sọ̀rọ̀ ní rédíò!! Yàrá kótópó, gíláàsì níwájú, kò yàtọ̀ sí Ààfin. Ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fíìmù ẹlẹ́rù. Ilé kan, ìyá kan, ilẹ̀kùn kan tó ń ṣí fúnra ẹ̀. Mo ní ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbá ọwọ́ ẹni tó jókòó tì mí mú, òun náà sì di tèmi mú, bẹ́ẹ̀ a ò mọra, a ò sì tíì mọra di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ilẹ̀kùn yẹn mọ eré ṣe ju ọkọ ìyá náà lọ, òun ni kí wọ́n fún lẹ́bùn. Olóhùn-Oyin rẹ́rìn-ín títí ó fi kúrò nídìí máìkì. Ó béèrè ìparí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí i. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti wà lójú títì nígbà yẹn?

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan dá ohùn mi mọ̀! Ó ní látàná, òun ò lè sùn láì fi àga ti ilẹ̀kùn. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ọ̀dọ̀ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi (nọ́ọ̀sì ni, ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ) kúnlẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá oní-rédíò!" Mo fi báàgì gbá a. Bàbá gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti Ọjọ́bọ̀, kí ibi tó wà má baà yí. Ilé ìtẹ̀wé ló ti fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń to ojú ewé kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Tàdáwà ò tíì tán lábẹ́ èékánná ẹ̀.

Mo ní, Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ rántí "ẹ parí ẹ̀"? Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní òun rántí. Ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun, bẹ́ẹ̀ abọ́ tí mo fi jẹun ṣì wà níwájú mi. Ayọ̀ ló kó sí i lórí, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo ń kà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìwé ogun: ọ̀gágun pọ̀ ju ọmọ ogun lọ. Ìwé ewì: tín-ínrín, mo kà á láàárín ọkọ̀ méjì, ó sì ń dún lórí mi di ìrọ̀lẹ́. Fíìmù ẹlẹ́rìn-ín: ẹ̀ẹ̀kan ni mo rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó wà níwájú mi ń hanrun. Fíìmù ìjà: ọkùnrin kan lu ogójì èèyàn, bọ́tìnnì kan ò já lára ẹ̀wù ẹ̀. Ta ló rán ẹ̀wù yẹn? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ti Ọjọ́bọ̀, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo ti rí i. Ó dùn!

Ọjọ́bọ̀, 13

Lónìí, mo gbé e dókè!

Ìtàn náà: wọ́n pa olówó kan nínú balùwẹ̀ ẹ̀. Aago mẹ́rin nínú ilé, kò sí méjì tí àkókò wọn bára mu. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí kò lè ronú láì jẹ nǹkan. Onílé tó gbà á sílé, tó ń dín ẹyin fún un láràárọ̀. Obìnrin kan tó ń tún aago ṣe. Mo ní àádọ́ta ojú ewé àkọ́kọ́ fà díẹ̀, kí wọ́n fara dà á. Tó bá di ibi tí aago kẹta ti dún, kí wọ́n yáa sọ ìkòkò kalẹ̀ o, torí ó máa jóná.

Olóhùn-Oyin ní, ìparí ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó tó nǹkan?

Ẹnu mi ti ṣí kí n tó rò ó. Mo ní òǹkọ̀wé yìí láyà! Mo ní aláago ló pa olówó, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì mọ̀, ló bá fa aago kan lé e lọ́wọ́, ó ní "O ní wákàtí kan," ó kọjú sí ògiri. Ọmọbìnrin tó ń yí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì ń nu ojú.

Inú lífìtì ni mo ti rántí pé èmi ni mo hun ìyẹn, bí mo ṣe ń rìn bọ̀ láti ilé ìkàwé. Ó ti bá mi gbé débi pé mo rò pé mo kà á ni.

Kò burú. Ta ló máa lọ wò ó?

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Èèyàn mẹ́rìnlá ti forúkọ sílẹ̀ fún ìwé náà nílé ìkàwé. Inú mi dùn. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mẹ́tàdínlógún. Olúwa mi o.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ẹnu mi ti kó bá mi. Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá sí Ààfin, ìwé lọ́wọ́, ó sì sọ̀rọ̀ sókè! N ò mọ̀ pé ohùn wà lọ́fun ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti rí aláago tó pààyàn?" Ó ní onílé ló pa olówó. Onílé! Ẹni tó ń dín ẹyin! Aláago ò mọwọ́ ò mọsẹ̀, òun gan-an ló tú àṣírí ẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ń dá ìwé padà, wọ́n ń bi òun ta ló ya ojú ewé kúrò nínú ẹ̀. Ó ní, "Àwọn kan máa ń tú àṣírí ìwé, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ìwọ tú èyí tí kò sí níbẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù fẹ́ pa mí. Ọkọ̀ mẹ́fà ti tò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Kò sí oyin lóhùn Olóhùn-Oyin lónìí. Ó ní fóònù ò sinmi látàná. Ó ní ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin, kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta, ó sì fi òwe dè é: bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ó bi mí, ṣé mo ka ìwé yẹn?

Mo ní mo kà á.

Ó ní, tán?

Mo ní ó ku orí kan.

Ó forí lé sítíárì. Kì í ṣe ti ẹ̀rín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun lòun lọ bẹ àwọn ọ̀gá lókè nítorí mi. Kí n wá ní Ọjọ́bọ̀, kí n tọrọ àforíjì. Ti àga, wọ́n á rí sí i. Mo mọ ohun tí "wọ́n á rí sí i" jẹ́.

Mo fẹ́ àga yẹn. N ò mọ̀ pé mo lè fẹ́ nǹkan tó báyìí.

Ọjọ́rú, 19

Mo gbìyànjú láti ka orí ìkẹyìn. Mo ṣí i, mo pa á dé. Ọwọ́ mi kọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo jókòó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, n ò ka ìparí ìwé yẹn, n ò ka ìparí ìwé kankan rí. Mo sọ ti Bàbá, ti ẹ̀gbọ́n mi, ti ìwé tó ń dé pàù. Mo ní irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa. Mo kàn fẹ́ràn aláago yẹn débi pé mo fẹ́ kó rí nǹkan ńlá ṣe nínú ìtàn náà.

Iná fóònù tàn. Ọ̀gá iléèwé yẹn! Mo di ẹsẹ̀ àga mú. Ó ní òun ti ka ìparí gidi lẹ́ẹ̀mejì, onílé ẹlẹ́yin yẹn ò wú òun lórí rárá. Ó ní bí òun bá ni, olówó ò kú. Ìyàwó ẹ̀ ló ń sá fún. Iná mìíràn tàn. Awakọ̀ akẹ́rù mi! Ó ní ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló pa á. Iná gbogbo tàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún di ogójì, oníròyìn dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́ni dá a lóhùn.

Nígbà tó tán, Olóhùn-Oyin sọ èyí tí àwọn àgbà máa ń sọ: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní kí àwọn olùgbọ́ máa parí ìwé bó ṣe wù wọ́n, kí èmi máa sọ ìparí gidi lẹ́yìn wọn. Pé mo gbọ́dọ̀ máa kà á tán. ÀGA DI TÈMI! Mo jó nínú lífìtì. Ilẹ̀kùn ṣí, èèyàn mẹ́rin ń wò mí. Mo ń jó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo rò pé Bàbá máa yọ̀. Ó pa rédíò. Ó ní ká jókòó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun gbọ́ bí mo ṣe yin òun fún gbogbo ayé, òun ò sì rójú sùn látìgbà náà.

Ó ní kì í ṣe ọgbọ́n kankan. Nílé ìtẹ̀wé, ìwé tó bá bàjẹ́, tí wọ́n gbàgbé láti rán apá ìkẹyìn mọ́, wọ́n máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú un lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó pé, agbára òun ò ká a. Kò sí orí ìkẹyìn nínú èyíkéyìí. Ó ní kíá lòun máa ń pa á dé kí a má baà rí i pé ó ti tán.

Gbogbo wọn? Gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Mo ní, Bàbá, ẹ sì máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi." Ó ní títí dòní, òun ṣì ń ro ti àwọn atukọ̀ mẹ́ta yẹn, inú ìwé àkọ́kọ́ tó gbé wálé. Bóyá wọ́n délé, bóyá wọn ò dé.

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, n ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ wá gbogbo àká ìwé àtijọ́. Eruku bò ó dójú. Ó rí i! Ìwé àwọn atukọ̀, ó pé pérépéré. Orí méjìlélógún. Mọ́kànlélógún la mọ̀. Mo fẹ́ kígbe. Ó fìka lé ètè.

Ọjọ́rú, 26

Ọ̀la ni àga mi. Ìwé àwọn atukọ̀ ni mo máa gbé lọ, nítorí náà òní ni òní ń jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá ṣáájú mi, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò, ó fìka tọ òwú tí wọ́n fi rán an. Ó ní wọ́n rán an dáadáa. Mo ka orí kọkànlélógún: àwọn atukọ̀ rí iná lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò mọ̀ bóyá èbúté ni tàbí ọkọ̀ tó ń jó. Mo ti fẹ́ ṣí ojú ewé sí òdì kejì.

Pàù! Bàbá pa ìwé dé.

"Ó yá. Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín."

Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo wọn kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Bàbá fọwọ́ lérán, ó gbọ́ wa tán. Mo wá rí i pé nínú gbogbo ọdún yẹn, a ò bi í rí. Mo ní, "Bàbá, tiyín ńkọ́?"

Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà. Ó ní wọ́n délé. Ó ní oúnjẹ ṣì gbóná.

Lẹ́yìn náà la ṣí ojú ewé.